Kí-ló-dé Gba Ọ̀nà Àbájáde Wọlé

                                        Ọ́fíìsì Ìtọ́sọ́nà Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn Ńlá,
                                        Yunifásítì.
                                        Ọjọ́ Sátidé, 18 oṣù Kẹwàá, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Nọ́ọ̀sì mi àtàtà,

Má wá ọkọ rẹ. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ara rẹ̀ le, ó ti jẹun, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọṣẹ mi tán. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n bí o bá ti gbọ́ pé ó ti fi ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀ sílẹ̀ láti Ọjọ́rú, ọkàn rẹ kò ní gba ìkíni kankan àyàfi tí mo bá kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ó yá, jẹ́ kí n wá kí ọ bó ṣe yẹ.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Báwo ni iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n gbé ọ lọ yẹn? Àwọn aláboyún ńkọ́? Àwọn ọmọ tí o ń gbẹ̀bí wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ń ké dáadáa? O kú àìsùn, o kú ìdúró, o kú ìfaradà. Ìyá ọkọ rẹ tí wọ́n bá ọ lọ síbẹ̀ ńkọ́? Bá mi kí wọn, sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé wọn. Ara tiwa náà le. Ọkọ mi ń kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ilé wa ti di hòtẹ́ẹ̀lì ìdílé yín.

Nítorí pé fóònù kì í wọlé sọ́dọ̀ rẹ ni mo ṣe jókòó ti bébà. Dírẹ́bà tó ń kó oògùn wá sí ilé ìwòsàn yín ń gbéra láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti sọ fún un pé bí kò bá fi lẹ́tà yìí àti ẹrù kékeré tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, kó má padà wá. Ó ní, "Háà, Mádáàmù, ẹ má bínú." Mo ní mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìbínú.

Ó kan ọ̀rọ̀ Kí-ló-dé, ọmọ rẹ. O mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà nígbà tí o ń lọ. Ọmọ ti gba àyè sí yunifásítì, ó ti kó ẹrù wá sọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kò tíì mú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kankan. Yunifásítì wa máa ń fún àwọn ọmọ tuntun láyè díẹ̀ kí wọ́n wo ohun tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó yàn. Ẹni tí kò bá tíì yàn títí di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ àná, àyè rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn. Ọkọ rẹ sì ti sọ tirẹ̀. Ó ní ìmọ̀ ìpoògùn ni, kí ọmọ lè gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ iwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó padà wálé wá dúró sẹ́yìn káńtà di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ kò sọ pé òun ò ṣe. Ohun tó ń sọ kò ju orúkọ tí a sọ ọ́ lọ: "Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyẹn nìkan?"

Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni mo wà, mi ò ní purọ́ fún ọ. O mọ̀ mí. Òwò ni mo kọ́ ní ilé ìwé. Ohun tó bá ní orúkọ, tó ní oníbàárà, tó sì ní ọjọ́ tó máa parí, ẹ jẹ́ ká mú un, ká lọ sílé. Mo ní kí ọmọ ṣe ìpoògùn, kí gbogbo wa sinmi.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Èmi ni wọ́n gbé Àfihàn Ẹ̀kọ́ lé lọ́wọ́ lọ́dún yìí, ìyẹn ọjọ́ méjì tí gbogbo ẹ̀ka máa ń gbé tábìlì wá sínú gbọ̀ngàn ńlá, kí àwọn ọmọ tuntun lè rìn yí ká, kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́. Lọ́dún tó kọjá, kò sí ètò kankan. Àwọn onímọ̀ òfin gbé tábìlì dí ẹnu ọ̀nà, àwọn èèyàn ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnì kan sì kọsẹ̀ lu àpótí ejò àwọn onímọ̀ ẹranko. Ejò ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n kí o tó ṣẹ́jú, gbọ̀ngàn ti ṣófo.

Mo ní irú ẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi. Mo ra téèpù pupa, mo fi lẹ àmì ọfà mọ́lẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà àbáwọlé títí dé ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ẹni tó bá wọlé, ọfà ni kó máa tẹ̀ lé. Kò sí yíyà, kò sí pípadà sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀ka tí gbogbo ayé mọ iṣẹ́ wọn ni mo tò síwájú: ìṣègùn, òfin, ìpoògùn, ìṣirò owó, ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn tí wọ́n ní láti ṣàlàyé ara wọn díẹ̀. Ó wá ku àwọn ẹgbẹ́ ìwádìí tí kò sí lábẹ́ ẹ̀ka kan pàtó, tí onímọ̀ tibí ń bá onímọ̀ tọ̀hún ṣiṣẹ́ pọ̀. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kó wọn sí nínú ètò mi, ni mo bá tì wọ́n sábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àbájáde. Iṣẹ́ ọwọ́ mi wù mí débi pé mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè lọ wò ó bí ẹni ń wo aṣọ tuntun.

Nọ́ọ̀sì, ká ní o rí gbọ̀ngàn yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun! Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ rọ erùpẹ̀ oríṣiríṣi sínú ìgò, pupa, dúdú, aláwọ̀ eérú. Àwọn onímọ̀ èdè jókòó ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ kan bí ìyá ṣe ń kígbe pe ọmọ tó lọ ṣeré. Ẹ̀rọ ń gbìyànjú, ohùn rẹ̀ ń há, gbogbo èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin àti àwọn dókítà etí jọ gbé nǹkan kan wá, tí o bá kọrin sí i, ohùn rẹ á máa jó lójú gíláàsì. Àwọn onímọ̀ òfin wọ aṣọ dúdú wọn, òógùn bò wọ́n, wọ́n kọ̀ wọn ò bọ́ ọ. Àwọn òṣèré orí ìtàgé ń sunkún gidi, débi pé akọ̀wé mi lọ bá wọn pé kí wọ́n mú sùúrù, ohun gbogbo á dára. Ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ló tó mọ̀ pé eré ni.

Mo ti sọ ohun tí Kí-ló-dé máa ṣe fún un láti ilé. Ìbéèrè mẹ́ta ni, ní tábìlì kọ̀ọ̀kan: Ọdún mélòó? Iṣẹ́ wo ló wà nídìí rẹ̀? Ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí kò bá rí i dáhùn, kó kọjá lára rẹ̀. Mo ní kó bá mi nídìí tábìlì ìpoògùn, ká parí ẹ̀ níbẹ̀. Mo dúró, dúró, mi ò rí ọmọ. Inú ń bí mi bọ̀. Mo wo iwájú, kò sí níbẹ̀. Mo wo àárín, kò sí.

Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó fẹ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Ó tẹ̀ lé páìpù yí ilé po, páìpù gbé e dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ni ọmọ rẹ bá gba ibẹ̀ wọlé. Gbogbo ọfà tí mo lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń rìn bọ̀ ní òdìkejì wọn.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo ti bá a. Ó ti jókòó sórí àpótí, ó ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí irun wọn ti funfun jiyàn. Màmá Ooru ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n máa ń bínú o. Ooru ni iṣẹ́ wọn: ohun tí ooru ń fojú oògùn rí láàárín ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é àti ẹnu ẹni tó máa gbé e mì. Nínú ẹgbẹ́ wọn, onímọ̀ kẹ́místrì ń wo ohun tó ń yí padà nínú hóró oògùn, ayàwòrán ilé ń wo bí òrùlé ṣe ń mú yàrá gbóná, onímọ̀ jọ́gíráfì ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí ọkọ̀ akóògùn ń gbà, onímọ̀ ìṣirò sì ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n to hóró oògùn kan náà sínú àwo mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ń dán. Ti ìkejì ti sán. Ti ìkẹta, bí o bá fọwọ́ kàn án, ó di ìyẹ̀fun. Ọjọ́ tí wọ́n kọ pé kò gbọdọ̀ kọjá, ọ̀kan náà ni lára páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí-ló-dé rí mi, ó fò dìde. "Àǹtí, ẹ wò ó! Ti orí pẹpẹ òkè Dádì nìyí! Bó ṣe máa ń rí gan-an nìyí kí wọ́n tó kó o dà nù!"

Mo ní kó jókòó. Mo kọjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo fi ìbéèrè mẹ́ta mi síwájú wọn. Ọdún mélòó? Wọ́n ní ó kù sí ọwọ́ ẹ̀ka tó bá gbà wọlé. Ẹ̀ka wo, Mà? Wọ́n ní kẹ́místrì, ìyàwòrán ilé, jọ́gíráfì tàbí ìṣirò, èyí tó bá wù ú, ìpoògùn náà kò burú, iṣẹ́ wà fún gbogbo wọn. Iṣẹ́ wo ló wà nídìí rẹ̀? Wọ́n ní àwọn tí wọ́n ti kọ́, òmíràn wà ní ilé iṣẹ́ oògùn, òmíràn ń kọ́ ilé ìkóògùnpamọ́, òmíràn ti dá iṣẹ́ tí kò sí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, nípa ti Kí-ló-dé, àwọn ò mọ̀. Mo ti fẹ́ fa ọmọ lọ́wọ́ dìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ̀! Mo kàn béèrè ìkẹta kí ó lè pé ni.

"Ìgbà wo ló lè bẹ̀rẹ̀, Mà?"

"Lónìí. Ẹ bá mi di ìgò yìí mú, ẹ̀yin náà."

Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ibí yìí, mi ò tíì gbọ́ "lónìí" lẹ́nu Ọ̀jọ̀gbọ́n kankan rí. Mo di ìgò mú.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí èmi tí mò ń ṣètò gbogbo rẹ̀ kò mọ̀. Ọmọ ọdún àkọ́kọ́ lè dara pọ̀ mọ́ ìwádìí, kò dìgbà tó bá fẹ́ jáde. Èèyàn lè fi ìsinmi ṣe ìwádìí lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí yunifásítì máa fún un lówó oúnjẹ. Ó lè kọ́ ẹ̀kọ́ méjì pọ̀. Ó lè lọ lo sáà kan ní yunifásítì míràn kó sì padà wá. Ó lè ṣe kẹ́místrì báyìí, kó wá bọ́ sí ìpoògùn lẹ́yìn náà tó bá wù ú. Mo bi Màmá Ooru pé kí ló dé tí wọn ò máa sọ nǹkan wọ̀nyí fún àwọn ọmọ. Wọ́n wo ọfà mi nílẹ̀, wọ́n wò mí. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "gbogbo ọmọ tí ọfà yín gbé dé ọ̀dọ̀ wa láti àárọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń béèrè."

Mo rọra gbé ìgò kalẹ̀.

Mo pe ọkọ rẹ nírọ̀lẹ́, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ títí, ó wá bú jáde. "Ooru? Ọmọ mi lọ sí yunifásítì lọ kọ́ ooru? Èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi kò tó o ni?"

Mo ní, "Ìyẹn gan-an ni kí o wá gbọ́." Ó ti pa fóònù. Kí-ló-dé jókòó sórí ìbùsùn rẹ̀, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ó mọ̀ pé tí bàbá òun bá dé, ó lè kó ẹrù òun sínú ọkọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, èmi àti akọ̀wé mi tètè dé gbọ̀ngàn, a ká gbogbo ọfà kúrò, a tún un lẹ̀ sí òdìkejì. Ọ̀nà àbájáde di ọ̀nà àbáwọlé. Olórí àwọn onímọ̀ òfin sáré wá. "Mádáàmù, ṣé àwa la wá kẹ́yìn báyìí?" Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, aṣọ dúdú yẹn, ibi yòówù kí wọ́n wà, a óò rí wọn.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n ni ọkọ rẹ já wọlé, báàgì léjìká, ojú le. Ó ń wá èmi àti ọmọ rẹ̀ láti bá wa jà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kó máa tẹ̀ lé ọfà. Ọfà gbé e tààrà lọ síwájú àwo mẹ́ta yẹn.

Mo wà níbẹ̀, mo rí i. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó mú hóró oògùn tó sán, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Níbo lẹ tọ́jú eléyìí sí?"

"Pẹpẹ òkè, sà," ni Màmá Ooru wí, "lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kọjú sí."

Ó jókòó. Ó gbé báàgì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé inú ń bí òun. Ó ní ohun tó wà nínú àwo dára, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ọmọ òun máa ṣe tó bá jáde, kí ẹnì kan dá òun lóhùn. Màmá Ooru fẹ́ sọ̀rọ̀, Kí-ló-dé ṣáájú wọn.

"Dádì, kí ló dé tí oògùn yín fi máa ń bàjẹ́ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé?"

O mọ ojú tí ọkọ rẹ máa ń ṣe tó bá fẹ́ jágbe mọ́ èèyàn. Ó ṣe ojú yẹn. Ojú náà tú ká.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

"Èmi náà ò mọ̀, sà. Ṣé mo lè lọ wádìí ẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi, mo di etí tábìlì mú. Ọkọ rẹ ń yí hóró oògùn yẹn ká lọ́wọ́, ó yí i títí ó fi di ìyẹ̀fun sí i lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí. Láti ìgbà tí orí rẹ kò tíì yọ lókè káńtà lo ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Mo rò pé tó o bá dàgbà, wàá gbàgbé."

"Mo ti dàgbà, sà. Mi ò gbàgbé."

"Tí ilé ìwé bá gba ìsinmi, ta ló máa bá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ gbé òṣùwọ̀n ooru sórí gbogbo pẹpẹ yín. Ṣọ́ọ̀bù yín la fẹ́ kọ́kọ́ wọ̀n."

Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. Ó ní kó lọ mú kẹ́místrì. Kí ọmọ tó parí ìdùnnú rẹ̀, bàbá rẹ̀ ti kọjú sí Màmá Ooru, ó ń sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n fi àwo kejì sí kò tọ̀nà, pé ṣọ́ọ̀bù gidi máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó fi hàn wọ́n. Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Nígbà tí a ń palẹ̀ tábìlì mọ́, wọn ò tíì dákẹ́. Láti ìgbà náà, láàbù ló ń jí lọ láàárọ̀. Ó ní òun á padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa Ọjọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ rẹ ti forúkọ sílẹ̀. Jímọ̀ ni gbèdéke, Ọjọ́bọ̀ la ti parí ẹ̀. Àbí o rò pé èmi á dúró de Jímọ̀? Ní ti àfihàn mi, èrò tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kejì pọ̀ débi pé a gbé tábìlì wọn jáde sí gbangba. Ọmọ kan tó wá fún ìṣirò owó ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní èdè. Òmíràn mú orin, ó fẹ́ bá àwọn dókítà etí ṣèwádìí. Àwọn tó wá fún òfin náà rí òfin. Ọ̀gá wa pè mí, ó ní kí n wá ṣàlàyé ọgbọ́n tí mo ta. Mo ní mo lẹ ọfà, mo sì ká ọfà.

Ó wá kan ìwọ. Nínú ẹrù tí dírẹ́bà gbé fún ọ, wàá rí nǹkan kékeré kan tó dà bí aago. Òṣùwọ̀n ooru ni. Ọmọ rẹ ní kí o gbé e sórí pẹpẹ tí ẹ ń to oògùn sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kì í ṣe inú báàgì rẹ, kí o sì máa wo ojú rẹ̀ láràárọ̀. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wọ̀n, ilé ìwòsàn rẹ ni ìkejì. Mo rò pé Màmá Ooru ló ní kó fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó ní rárá, òun lòun bẹ̀ wọ́n. Ó ní nígbà tí o wá sílé kẹ́yìn, o jókòó sí kíṣìnì, o ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ tí ẹ ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá kò ṣiṣẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, àti pé o ò mọ ohun tó fà á. O rò pé ọmọ ti sùn. Kò sùn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá ẹni tó máa bi.

Nítorí náà, gbé e sórí pẹpẹ lónìí tí o gbà á. Má sọ pé ó di ọ̀la.

Bá mi kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí o sì bá mi gbé ọmọ tuntun tó bá wà nílẹ̀ mọ́ra. Kí-ló-dé ń kí ọ, ó ní orúnkún rẹ ńkọ́, kí ló dé tó fi ń dùn ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ ń kí ọ. Ó ń yọjú wo ohun tí mò ń kọ láti ẹ̀yìn mi, ó ní kí n sọ fún ọ pé pẹpẹ òkè ni o, kì í ṣe ti àárín.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í lè dúró,

Kíákíá.